Ọjọ́ Tí Ẹja Gladys Rùn Bí Ilé Epo

Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí Ọdúnọlá, ẹ bínú sí i dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó níwájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adum, ní Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, tó ní kí n kọ ọ́ fún yín, tó ní kí n má wulẹ̀ bo òun láṣìírí. Èmi náà bínú nígbà tí mo gbọ́ ọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Sawaba ni wọ́n ti bí Ọdúnọlá, nínú Kumasi níbí. Ọṣẹ olómi ló ń tà, èyí tí wọ́n fi ń fọ abọ́, tó máa ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá mú ìgò wá, yóò wọn tirẹ̀ fún un, yóò sì tún da èènì lé e títí ọṣẹ yóò fi ṣàn sára ìgò. Nítorí èènì yìí làwọn Asante ṣe ń pè é ní Maame Ntosoɔ, ìyẹn Ìyá Eléènì. Lójú tirẹ̀, nǹkan tí kò bá kún dé ẹnu, wọ́n ti rẹ́ ẹni tó rà á jẹ ni.

Gladys ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ọmọ Asante ni, láti abúlé kan létí adágún Bosomtwe, tí kò jìnnà sí Kumasi. Ẹja ló ń yan létí omi níbẹ̀ fún àwọn tó bá wá gbafẹ́. Ọjọ́ tí Ọdúnọlá sọ pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi tí yóò máa gbé àlejò kiri lórí adágún náà, Gladys ló mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà abúlé.

Omi yẹn kì í ṣe omi yẹpẹrẹ lójú àwọn tó ni ín o. Láyé àtijọ́, wọn kì í jẹ́ kí irin kàn án rárá. Títí dòní, orí pákó gbọọrọ làwọn apẹja ibẹ̀ ń jókòó sí, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ lásán tu ú. Kí obìnrin kan wá láti Adum, kó ní òun fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì tó ń mu pẹtiróòlù sórí omi náà, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

"Bí pẹtiróòlù bá dà sínú omi wa ńkọ́?" Bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ṣe bi í léèrè nìyẹn.

"Nana, kò ní dà," Ọdúnọlá fèsì. "Táǹkì tó ṣeé gbé ni. A ó máa tú u kúrò lára ọkọ̀, a ó gbé e wá sórí ilẹ̀, a ó gbé e sínú bàsíà, ká tó fi àrọ da pẹtiróòlù sí i. A ò ní í jẹ́ kó kún dé ẹnu, torí bí oòrùn bá pa pẹtiróòlù, ńṣe ló ń wú. A ó fi àkísà nù ún mọ́ kó tó padà sínú ọkọ̀."

Ẹ gbọ́ bó ṣe tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì fún un ló ti kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n dénú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àìmọ̀kan ló ṣe Ọdúnọlá.

Àgbà náà wo ojú gbogbo wọn. "Ta ni yóò dúró fún un?"

"Èmi ni," Gladys dáhùn. "Bó bá ba omi jẹ́, èmi ni kí ẹ mú."

Kojo, ẹ̀gbọ́n Gladys, wà lára àwọn àgbà tó jókòó. Ó fa ojú ro. "Gladys, ṣé o mọ nǹkan tí ò ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, brá Kojo. Ọmọ ìyá mi ni."

Ọ̀rọ̀ ẹnu Gladys nìkan ni wọ́n fi gba ọkọ̀ náà láyè. Wọn kò béèrè ohun mìíràn.

Iṣẹ́ ọkọ̀ lọ geerege. Ọdúnọlá gba Fatawu, ọmọ Yorùbá láti Aboabo ní Kumasi, bàbá ọlọ́mọ tó ti wa ọkọ̀ ojú omi níbòmíì rí. Ọdúnọlá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọn yóò ṣe máa gbé táǹkì sókè, Fatawu kò sì yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi mọ́, ẹja mọ́, Gladys ń tajà. Ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ Ajé Àjíǹde dé.

Lọ́jọ́ náà, ìjọ Ọdúnọlá ní Kumasi kún inú ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní trotro, wọ́n ń lọ gbafẹ́ létí adágún. Pásítọ̀ Isaac ń bọ̀, àwọn ìyá ìjọ ń bọ̀, Ìyá Bridget tó jẹ́ olórí wọn náà ń bọ̀. Ìyá Bridget yìí, kì í yin èèyàn. Bí o bá gbé odidi màlúù fún un, yóò béèrè ibi tí ìwo rẹ̀ wà. Ọdúnọlá sì ti pinnu pé ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Bridget yóò yin òun. Ó ti pín ọṣẹ ìgò kọ̀ọ̀kan fún gbogbo àwọn ìyá láti òwúrọ̀, kí inú wọn lè dùn.

Wọ́n dé etí omi, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, wọ́n tò sórí ilẹ̀, wọ́n ń dúró. Fatawu wo táǹkì, ó rí i pé pẹtiróòlù tó kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti gbé e sókè.

"Ọdúnọlá!" Ìyá Bridget ké láti òkè. "Ṣé ibi tí wọn ò tíì múra sílẹ̀ lo pè wá wá? Oòrùn ń pa wá o!"

Àwọn ìyá yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ Ọdúnọlá lára. Ó ní ńṣe ni orí òun gbóná lójú ẹsẹ̀.

"Fatawu, kí lò ń tú? Dà á síbẹ̀!"

"Haba, Màmá! Lórí omi? Ẹ jẹ́ n gbé e sókè, kò ní í pẹ́ rárá."

"Mo ní dà á síbẹ̀!"

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé..."

"Ṣé ìwọ lo ni ọkọ̀ ni, àbí èmi?"

Fatawu káwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ṣùgbọ́n wallahi, mi ò ní í dà á." Ó sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ó lọ dúró sórí ilẹ̀.

Kí òṣìṣẹ́ òun kọ̀ sí òun lẹ́nu níwájú gbogbo ìjọ! Ọdúnọlá ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú ọkọ̀, ó fa gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Kò lo àrọ. Kò mú àkísà. Ọkọ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gálọ́ọ̀nù ń mì lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, kò tíì bàjẹ́ nígbà yẹn. Táǹkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú gálọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti dúró. Ó sọ fún mi pé òun rántí, pé ohùn ara òun níwájú àwọn àgbà wá sí òun létí kedere. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń da èènì láti ọdún pípẹ́, ó ṣòro fún un láti gbé díẹ̀ tó ṣẹ́ kù náà padà. Àwọn ìyá sì ń wo òun.

"Ntosoɔ rèé o!" ó kígbe, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Ó da gbogbo rẹ̀ sí i.

Pẹtiróòlù ru sókè lẹ́nu táǹkì. Ó dà sí bàtà rẹ̀, ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó bọ́ sínú omi.

Lójú ẹsẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dán ní àwọ̀ oríṣiríṣi, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Ó ń tàn lọ díẹ̀díẹ̀ síbi àgò oparun tí Gladys máa ń kó ẹja ààyè sí létí omi. Gladys wà lókè nídìí ààrò, ó kẹ́yìn sí wọn, ó ń lọ ata. Àwọn ìyá gbóòórùn pẹtiróòlù, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé bí ọkọ̀ ojú omi ṣe máa ń rùn nìyẹn.

Fatawu nìkan ló rí i. Ó tẹjú mọ́ Ọdúnọlá.

Kí ló yẹ kí Ọdúnọlá ṣe? Kó ké sí Gladys. Kí wọ́n gbé àgò ẹja kúrò níbẹ̀ kíákíá, kí wọ́n fi àkísà fa pẹtiróòlù tó wà lójú omi. Ṣé ó ṣe é? Kò ṣe é o! Ńṣe ló fa ìgò ọṣẹ kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tú u sómi. Àwọ̀ náà tú ká, ọṣẹ hó díẹ̀, omi sì padà sí bó ṣe wà.

"Ó ti tán," ó sọ fún Fatawu. "Bí o bá la ẹnu rẹ, lọ wá iṣẹ́ míì."

Ó tán lójú ni, kò tán nínú omi. Ọṣẹ kì í kó pẹtiróòlù kúrò nínú omi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ńṣe ló ń tú u sí wẹ́wẹ́, tó ń jẹ́ kó rì lọ síbi tí ẹja wà, ọṣẹ fúnra rẹ̀ sì ń pa ẹja. Obìnrin tó ń ta ọṣẹ fi ọṣẹ bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì sọ ohun burúkú di ohun tó burú jù.

Fatawu ní ọmọ tó ń bọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó sì wà á. Bí oòrùn ṣe ń mú sí i ni pẹtiróòlù ń wú nínú táǹkì tó kún àkúnya náà, tó ń jò níbi ìdérí. Fatawu bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi dí i, ó ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀. Àwọn ìyá ń kọrin. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Ìyá Bridget fọwọ́ kan Ọdúnọlá léjìká.

"Ọdúnọlá, o gbìyànjú o."

Inú Ọdúnọlá dùn dé ibi pé kò rántí ẹja mọ́.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, bàǹkú, òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi ń jẹ ẹja níbẹ̀, ti jinná. Gladys ti mú lára ẹja inú àgò, ó ti yan án, ó sì gbé ti Pásítọ̀ Isaac síwájú rẹ̀ kó tó gbé ti ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó bu ẹja, ó fi kan ata, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tu ú sọ́wọ́.

"Kí lèyí?"

Ìyá Bridget tọ́ tirẹ̀ wò. "Yéè! Pẹtiróòlù! Ẹja yìí ń rùn bí ilé epo!"

Gbogbo ojú yí sí Gladys. Obìnrin náà dúró, abọ́ bàǹkú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

Ọdúnọlá mọ̀. Bó bá sọ òótọ́ níbẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹja nìkan ni wọn yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n Ìyá Bridget ń wò ó, ìyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kò tíì tutù. Ló bá dìde, ó na ìka sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Gladys! Adɛn? Kí ló dé? Kẹrosíìnì lo fi dáná, àbí? Ṣé o fẹ́ pa pásítọ̀ mi ni?"

"Kẹrosíìnì kẹ̀? Me nua, ọmọ ìyá mi, láti ọjọ́ tí o ti mọ̀ mí, ṣé o rí mi kí n fi kẹrosíìnì dáná rí?"

"Mi ò mọ̀! Ṣebí ìwọ lo yan ẹja! Ọ̀bùn ni ẹ́!"

Ọ̀bùn. Ó pe obìnrin tó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un ní ọ̀bùn, níwájú àlejò, lórí ilẹ̀ bàbá obìnrin náà. Nígbà tí Ọdúnọlá sọ ibí yìí fún mi, mo ní kó dákẹ́ díẹ̀, torí mi ò fẹ́ sọ ohun tí màá kábàámọ̀.

"Ó dáa," Gladys ní. "Ẹ dúró síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lọ."

Ó bọ́ sínú omi, ó wọ́ àgò oparun náà sókè. Àwọn ẹja tó kù nínú rẹ̀ ti dojú ikùn sókè. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e wá síwájú gbogbo wọn.

"Èyí kò tíì rí iná. Ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Ó fi àtàǹpàkò la ẹ̀bátí ẹja náà níbi tó ti ń mí. Ìfófòó funfun hó jáde. Òórùn pẹtiróòlù gba gbogbo ibẹ̀, òórùn mìíràn sì tẹ̀lé e. Ìyá Bridget tẹ̀ síwájú, ó gbé imú sún mọ́ ọn. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìgò ọṣẹ tí Ọdúnọlá fún un láàárọ̀, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì tún gbóòórùn ẹja.

"Ọsàn wẹ́wẹ́," ó ní. "Ọdúnọlá, ọṣẹ tìẹ nìyí."

Gladys kọjú sí awakọ̀. "Fatawu, ta ló da pẹtiróòlù àti ọṣẹ sómi?"

Ọdúnọlá kò jẹ́ kó dáhùn. "Òun ni! Ojoojúmọ́ ni mò ń kìlọ̀ fún un! Aláìgbọràn ni!"

"Èmi?" Ohùn Fatawu lọ sókè. "Haba! Èmi tí mo ní mi ò ní í dà á? Orí ilẹ̀ ni gbogbo wọn ti rí mi, tí mo káwọ́ sẹ́yìn. Màmá, mo bò yín láṣìírí, ẹ tún wá ń purọ́ mọ́ mi? Allah ń wò yín o!"

"Òótọ́ ló sọ," ọ̀kan nínú àwọn ìyá dá sí i. "Ọdúnọlá, ìwọ la rí nínú ọkọ̀. A tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ máa ń tẹrí ba, àbí? Ti Ọdúnọlá kọ́. Ìbínú ló fi jẹ́wọ́.

"Ó dáa, èmi ni! Èmi ni mo dà á! Ṣé kí n kú ni? Pẹtiróòlù bíńtín! Ṣé torí pẹtiróòlù bíńtín lẹ ṣe ń wò mí báyìí? Màá san owó ẹja ọ̀hún!"

"Owó ẹja?" Gladys rọra pè é, bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá ké mọ́ ọn. "Ta ló bi ẹ́ ní owó ẹja? Ọ̀rọ̀ mi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn bàbá mi, kí lo máa fi san án? O pè mí ní ọ̀bùn! Ìwọ lo da ìdọ̀tí sínú omi tí mò ń mu, o wá pè mí ní ọ̀bùn!"

Ó ju ẹja òkú náà sílẹ̀ níwájú Ọdúnọlá.

Ariwo yẹn ló gbé Kojo wá. Kó tó béèrè ohunkóhun, Gladys ti lọ bá a. Kò nàka sí ẹnikẹ́ni.

"Brá Kojo, pẹtiróòlù ti dà sómi. Èmi ni mo dúró fún wọn. Ẹ mú mi."

Kojo wo àbúrò rẹ̀ títí. Mo rò pé ó wù ú láti bínú sí Ọdúnọlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọdúnọlá ló dúró fún ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lórí omi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní kí Gladys pa ààrò rẹ̀, kó má yan ẹja níbẹ̀ mọ́. Ó ní àwọn àgbà yóò fẹ́ àgùntàn tí wọn yóò fi tu omi lójú, ọwọ́ Gladys ló sì gbọ́dọ̀ ti wá.

Fatawu ju kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì sọ́wọ́ Ọdúnọlá, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú trotro tó gbé wọn padà sí Kumasi, kò sí ẹni tó jókòó ti Ọdúnọlá. Ó kọ́kọ́ bínú sí wọn. Ó bínú sí Fatawu, ó bínú sí Ìyá Bridget tó fi ariwo dà á láàmú, ó tiẹ̀ bínú sí ẹja. Ìgbà tó dé ilé ní Sawaba, tó bọ́ bàtà tó ṣì ń rùn pẹtiróòlù, ló tó wá rí i pé kò sí ẹlòmíì tó kù tí òun lè bínú sí.

Ó fi àgùntàn ránṣẹ́ sí abúlé. Àwọn àgbà dá a padà. Wọ́n ní kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Gladys ló wá àgùntàn tirẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọdúnọlá bẹ Pásítọ̀ Isaac àti Ìyá Bridget kí wọ́n bá òun lọ tọrọ àforíjì. Gladys fún wọn ní àga, ó fún wọn lómi, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò. Ọdúnọlá kúnlẹ̀. Ìyá Bridget bẹ̀bẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bí Ọdúnọlá ṣe gbọ́ ọ rí lọ. Pásítọ̀ náà sọ̀rọ̀ lórí ìdáríjì.

"Pásítọ̀, mo ti dárí jì í," Gladys ní. "Dìde, Ọdúnọlá. Mo ti dárí jì ẹ́."

Ara Ọdúnọlá fúyẹ́. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàràwàrà. "Me nua, o ṣeun! Màá lọ bá àwọn àgbà fúnra mi. Màá sọ fún wọn pé o ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n á gbọ́, gbogbo nǹkan á padà bó ṣe wà."

Ẹnu ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n wà tí Anita, ọmọ Gladys, wọlé. Ó ti parí iṣẹ́ oúnjẹ sísè tó kọ́ ní Kumasi. Aṣọ tó dáa jù lọ ló wọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló ti ń bọ̀, ó lọ tọrọ ibi tí màmá rẹ̀ ti ń yan ẹja tẹ́lẹ̀, kí òun lè máa tà níbẹ̀, torí ilé kò rí owó mìíràn jẹun mọ́.

Ó rí àlejò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Sọ ọ́," Gladys ní. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n béèrè pé ta ni yóò dúró fún mi."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní màmá mi ni." Anita wolẹ̀. "Wọ́n ní kí n lọ wá ẹlòmíì."

Gladys dìde, ó gba ife omi lọ́wọ́ Ọdúnọlá, bẹ́ẹ̀ ni Ọdúnọlá kò tíì mu ún.

"Ẹ ti gbọ́ nǹkan tí ọmọ mi sọ," ó ní. "Ẹ máa lọ sílé."